Ìrísí Òrùlé àti Ọ̀nà Omi: Àyẹ̀wò Òrùlé Ilé àti ti Ọkọ̀ Nílẹ̀ Yorùbá

1.0 Ìfáàrà

Ìbéèrè kan ni ó bí iṣẹ́ yìí. Bí olùkọ́ bá fẹ́ fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́-ọwọ́ nípa oríṣiríṣi òrùlé, ọ̀rọ̀ wo ni yóò lò? Èdè Gẹ̀ẹ́sì ní orúkọ kan fún òrùlé tí ó dà sí apá méjì, ó ní òmíràn fún èyí tí ó dà sí apá mẹ́rin, ó ní òmíràn fún èyí tí a fi ẹ̀gbẹ́ kan tì sí ara ògiri, ó sì tún ní orúkọ fún èyí tí ó rí rìbìtì bí ẹ̀yìn igbá. Bí a bá ń wá orúkọ Yorùbá fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, òrùlé kan náà ni a óò máa bá pàdé. Ibi yìí ni àwọn kan gbà tí wọ́n fi ń sọ pé Yorùbá kò ka ìrísí òrùlé sí, pé bí òjò kò bá ṣáà ti pa onílé, ọ̀ràn ti bùṣe.

Ọ̀rọ̀ yìí ní èrè tàbí òfò nínú. Láti ìgbà tí Iṣẹ́ Ìwádìí Ọlọ́dún Mẹ́fà ti bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970 ni a ti ń gbìyànjú láti fi èdè Yorùbá kọ́ ọmọdé ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Ohun tí ó sábà máa ń dá irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ dúró ni ọ̀rọ̀ tí a óò fi pe nǹkan. Bí a bá gbà pé èdè wa kò ní ojú kankan tí ó fi ń wo ohun tí ó bo orí wa lójoojúmọ́, a jẹ́ pé ọ̀rọ̀ àyálò ni a óò máa kó jọ títí.

Èrò tiwa ni pé Yorùbá ń pín òrùlé sí ìsọ̀rí, àti pé ìpín náà ní ìlànà. Ohun mẹ́ta ni a fi ń pín in: ohun tí a fi bo ilé, ibi tí òrùlé ń da omi sí, àti irú ẹni tí ó ni ilé. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, omi ni a gbà pé ó ṣe kókó jù lọ, nítorí pé òun ni ó so ìrísí òrùlé mọ́ ìrísí ilé fúnra rẹ̀. A óò kọ́kọ́ wo àwọn ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀. Lẹ́yìn náà a óò yẹ òrùlé koríko àti ti ewé wò, kí á tó bọ́ sórí páànù àti òrùlé ọkọ̀. Níkẹyìn, a óò dá ìlànà kan lábàá fún pípe ìrísí òrùlé ní orúkọ.

2.0 Àwọn Ọ̀rọ̀ tí ó Wà Nílẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí ó gbòòrò jù ni òrùlé. Ohun tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ ni àjà, èyí tí í ṣe ìbòrí yàrá. Láyé àtijọ́, igi ni a máa ń tò sórí ògiri tí a óò sì fi amọ̀ rẹ́ ẹ, kí iná má baà tètè ràn láti orí koríko wọ inú yàrá. Òwe wa fi ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì hàn kedere: òrùlé bo àjà mọ́lẹ̀, awọ fẹ́ẹ́rẹ́ bonú kò jẹ́ ká ríkùn aṣebi. Ẹni tí ó pa òwe yìí mọ̀ pé ohun méjì ni ó wà lókè ilé, ọ̀kan hàn sóde, èkejì fara sin.

Igi tí ó gbé òrùlé ró ni ẹkẹ. Ibi tí òrùlé nà jáde kọjá ògiri tí ó sì bo iwájú yàrá ni ọ̀dẹ̀dẹ̀, òpó ni ó sì máa ń gbé etí òrùlé ibẹ̀ dúró. Omi tí ó ń ṣàn wálẹ̀ láti etí òrùlé ni ọ̀ṣọ́ọ̀rọ̀. Òrùlé tí kò ní ògiri, tí a fi màrìwò tàbí aṣọ bò fún ìgbà díẹ̀, ni àtíbàbà. Apá òrùlé tí ó yọ síwájú lójú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ààfin ni kọ̀bì.

Ọ̀rọ̀-ìṣe náà pọ̀. A ń bo ilé, a ń kan páànù, òrùlé ń jò, ìjì sì máa ń ṣí òrùlé. Bí a bá fẹ́ sọ irú ilé tí ẹnì kan ní, ohun tí a fi bò ó ni a sábà máa ń dárúkọ: ilé koríko, ilé ewé, ilé páànù. Ó yẹ kí a ṣàkíyèsí pé kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó sọ iye ẹ̀gbẹ́ tí òrùlé ní. Síbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí a óò ti rí i, ẹni tí ó bá gbọ́ pé ilé koríko ni, tí ó sì mọ iṣẹ́ ilé kíkọ́, ti mọ ohun púpọ̀ nípa ìrísí rẹ̀.

3.0 Òrùlé Koríko àti Ewé

3.1 Ìdí tí ó fi dà gẹ̀rẹ́

Koríko kì í dí ọ̀nà mọ́ omi. Ohun tí ó ń ṣe ni pé ó ń gbé ẹ̀kán omi lé ọmọnìkejì rẹ̀ tí ó wà nísàlẹ̀ lọ́wọ́, títí tí omi yóò fi dé etí òrùlé. Bí òrùlé bá dà gẹ̀rẹ́ dáadáa, omi yóò ti bọ́ sílẹ̀ kí ó tó ráyè rin wọ inú. Bí ó bá tẹ́, omi yóò dúró, koríko yóò jẹrà, ilé yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Àwọn tí ó mọ iṣẹ́ náà kárí ayé gbà pé ó dára kí ìdagẹ̀rẹ̀ òrùlé koríko tó nǹkan bíi digirí 45, èyí tí í ṣe ìdajì igun tí ògiri tí ó dúró ṣánṣán bá ilẹ̀ ṣe.

Ìṣirò kékeré kan yóò fi ohun tí èyí túmọ̀ sí hàn. Bí ilé bá fẹ̀ ní mítà 4, tí òrùlé rẹ̀ dà sí apá méjì ní digirí 45, òrùlé náà yóò ga ní mítà 2 láti orí ògiri. Bí ilé bá fẹ̀ ní mítà 10, òrùlé yóò ga ní mítà 5, ó ga ju ògiri fúnra rẹ̀ lọ. Igi gígùn tí yóò gbé irú rẹ̀ ṣòro láti rí, koríko tí yóò bò ó yóò pọ̀ kọjá ààlà, atẹ́gùn yóò sì rí ojú gbòòrò kọlù. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń fi koríko bo ilé kò lè jẹ́ kí ilé fẹ̀ jù. Bí ó bá fẹ́ àyè púpọ̀, gígùn ni yóò fi kún un.

Lójú tiwa, ibí yìí ni akòdì ti bẹ̀rẹ̀. Ilé tóóró tí ó gùn, bí a bá fẹ́ kí ó gba ẹbí ńlá kan, tí a sì fẹ́ kí gbogbo wọn máa rí ojú ara wọn, yóò ní láti ṣẹ́ kọ́nà. Bí ó bá ṣẹ́ kọ́nà lẹ́ẹ̀mẹ́rin, yóò pàdé ara rẹ̀, àgbàlá yóò sì wà láàárín. A kò sọ pé koríko nìkan ni ó fa agbo ilé, nítorí pé ètò ẹbí àti ààbò kúrò lọ́wọ́ ọ̀tá wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ohun tí a ń sọ ni pé koríko fi ààlà lélẹ̀, àwọn baba wa sì kọ́ ilé tí ó bá ètò ẹbí wọn mu láàárín ààlà náà.

3.2 Bẹẹrẹ àti gbòdògí

Ohun tí a fi ń bo ilé yàtọ̀ láti àgbègbè kan sí èkejì. Ní ilẹ̀ ọ̀dàn, níbi tí Ọ̀yọ́ wà, koríko ni ó pọ̀, bẹẹrẹ sì ni ó lókìkí jù nínú rẹ̀. Orúkọ koríko yìí ni a fi pe ọdún Bẹẹrẹ, nígbà tí àwọn ìlú tí ó wà lábẹ́ Aláàfin máa ń ru ìtí bẹẹrẹ wá sí Ọ̀yọ́ láti fi bo ààfin. S. O. Babayemi kọ àpilẹ̀kọ nípa ọdún náà ní 1973. Ohun tí ó kàn wá níbẹ̀ ni pé bíbo òrùlé ọba jẹ́ ọ̀nà láti fi ìtẹríba hàn. Koríko kì í sì í pẹ́ títí. Bí a ti ń pààrọ̀ rẹ̀ ni a ń tún májẹ̀mú láàárín ọba àti ìlú ṣe.

Ní ilẹ̀ igbó, níbi tí koríko gígùn ti ṣọ̀wọ́n, ewé ni wọ́n ń lò. Gbòdògí ni ó gbajúmọ̀ jù. Ewé yìí fẹ̀, ó sì ń dán. Wọ́n máa ń tò ó lé ara wọn bí ìpẹ́ ẹja lórí igi tẹ́ẹ́rẹ́, kí ti òkè lè máa bo orí ti ìsàlẹ̀. Iṣẹ́ kan náà ni ó ń jẹ́ pẹ̀lú koríko, òun náà sì ń fẹ́ kí òrùlé dà gẹ̀rẹ́.

3.3 Omi nínú akòdì

Òrùlé akòdì ní ojú méjì. Ọ̀kan kọ sí ìta, èkejì kọ sí àgbàlá. Gbogbo òjò tí ó bá rọ̀ sí ojú ti inú ni yóò dà sí àgbàlá, ní kọ́nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin níbi tí òrùlé ti pàdé ara wọn ni ọ̀ṣọ́ọ̀rọ̀ sì máa ń pọ̀ jù. Níbẹ̀ ni a máa ń gbé ìkòkò sí.

Omi yìí kì í ṣe ohun kékeré. Òjò mìlímítà 1 lórí ilẹ̀ mítà kan níbùú lóròó jẹ́ lítà omi kan. Òjò tí ń rọ̀ ní Ìbàdàn lọ́dún kan lé ní mìlímítà 1,200. Bí ojú òrùlé tí ó kọ sí àgbàlá bá bo ilẹ̀ tí ó tó ọgọ́rùn-ún mítà níbùú lóròó, omi tí yóò dà sílẹ̀ láti orí rẹ̀ lọ́dún yóò lé ní lítà 120,000. Ìyá tí ó gbé ìkòkò sábẹ́ ọ̀ṣọ́ọ̀rọ̀ kò ní lọ sí odò lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n èyí tí kò wọ ìkòkò gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà jáde, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò wó ògiri amọ̀. Fún ìdí èyí, ilẹ̀ àgbàlá máa ń rẹlẹ̀ ju ti ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ, a sì máa ń la ojú ihò sábẹ́ ilé kí omi lè gba ibẹ̀ jáde.

Ẹ̀rí wà nínú ilẹ̀ Ifẹ̀ pé ọgbọ́n yìí ti pẹ́. Àwọn ilẹ̀ tí a fi apáàdì tẹ́, tí ìtàn ẹnu so mọ́ orúkọ Ọọ̀ni Lúwo, wà káàkiri ìlú náà. Peter Garlake hú irú wọn ní ilẹ̀ Ọbalára àti ní Wóyè Asírí láàárín 1970 sí 1979, ó sì lo bí wọ́n ti tò láti fi ṣàlàyé pé ilé yí àgbàlá ká níbẹ̀. Òrùlé àwọn ilé náà ti jẹrà tipẹ́tipẹ́. Ohun tí ó ṣẹ́kù fún wa ni ilẹ̀ tí a pèsè de omi tí ń bọ̀ láti orí òrùlé.

3.4 Kọ̀bì àti ipò

Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí ó parí ní 1897 tí a sì tẹ̀ jáde ní 1921, ka kọ̀bì sí àmì tí a fi ń dá ilé ọba àti ti ìjòyè mọ̀ yàtọ̀ sí ilé mẹ̀kúnnù. Kọ̀bì yọ síwájú láti ara ọ̀dẹ̀dẹ̀, òrùlé rẹ̀ sì dìde sókè ní tirẹ̀. Ẹni tí ó bá wọ àgbàlá yóò mọ ibi tí ọba ń jókòó kí ó tó rí ọba. Abẹ́ irú òrùlé bẹ́ẹ̀ ni òpó tí a gbẹ́ ọnà sí lára máa ń wà, bí irú èyí tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ fún ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́ láàárín nǹkan bí 1910 sí 1914. Bí etí òrùlé kò bá nà jáde tó láti gba òjò sílẹ̀, irú òpó bẹ́ẹ̀ kì bá ti pẹ́.

Bí a bá kó gbogbo èyí pọ̀, a óò rí i pé ìrísí òrùlé ní orúkọ nínú èdè Yorùbá níbi tí ìrísí náà bá ti ní ìtumọ̀ láwùjọ. Kọ̀bì ní orúkọ nítorí pé kì í ṣe ẹnikẹ́ni ni ó lè ní in. Àtíbàbà ní orúkọ nítorí pé a kò fi ṣe ibùgbé. Ti ilé gbogbo ènìyàn kò nílò orúkọ, nítorí pé ìrísí kan náà ni koríko fi dandan lé fún gbogbo wọn.

4.0 Páànù

4.1 Bí ó ti ń ṣiṣẹ́

Ní 1829 ni Henry Robinson Palmer, ẹnjiníà kan ní èbúté London, gba ìwé àṣẹ lórí irin pẹlẹbẹ tí a tẹ̀ sókè sódò bí ìgbì omi. Ní 1837, Sorel, ará Faransé, gba ìwé àṣẹ lórí ọ̀nà tí a fi ń fi síǹkì bo irin kí ó má baà dípẹtà. Ìmọ̀ méjèèjì yìí ni ó para pọ̀ di páànù tí a mọ̀.

Agbára páànù wà nínú ìtẹ̀sókè-tẹ̀sódò rẹ̀. Bí a bá di etí abala ìwé kan mú, yóò tẹ̀ wálẹ̀. Bí a bá ká ìwé kan náà ní ìṣẹ́po ìṣẹ́po, yóò dúró gbagidi, a tilẹ̀ lè gbé nǹkan fẹ́rẹ́ lé e. Bákan náà ni irin fẹ́lẹ́ tí kò lè dá ara rẹ̀ gbé ṣe ń di ohun tí ó lè na láti orí igi kan dé orí èkejì. Ojú kòtò tí ó wà láàárín ìgbì náà tún di ọ̀nà omi. Nítorí pé omi kò lè rin wọ inú irin, òrùlé páànù kò nílò ìdagẹ̀rẹ̀ púpọ̀. Digirí 10 sí 15 ti tó fún omi láti ṣàn.

4.2 Ohun tí ó yí padà

Páànù ti wà ní Èkó àti Abẹ́òkúta kí sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún tó parí. Ohun tí ó wúwo ni, kò sì rọrùn láti fi orí rù ú dé ilẹ̀ òkè. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn ní 1901, ẹrù náà rọ̀, nígbà tí owó kòkó sì dé, páànù di ohun tí olówó fi ń hàn. Ilé páànù di orúkọ oyè lọ́nà kan. Ìsọ̀rí kẹta tí a mẹ́nu kàn, irú ẹni tí ó ni ilé, kúrò lọ́wọ́ kọ̀bì, ó bọ́ sọ́wọ́ páànù.

Nítorí pé ìdagẹ̀rẹ̀ ti dín kù, ààlà tí koríko fi lélẹ̀ kúrò. Ní digirí 15, ilé tí ó fẹ̀ ní mítà 10 kò nílò òrùlé tí ó ga ju mítà kan àti díẹ̀ lọ. Ó wá ṣeé ṣe láti kó yàrá gbogbo pọ̀ sábẹ́ òrùlé kan, kí ọ̀nà gba àárín wọn kọjá, kí yàrá sì wà lọ́tùn-ún lósì. Irú ilé yìí ni àwọn Àgùdà, ìyẹn àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n ti Brazil padà wálé, mú gbajúmọ̀ ní Èkó, tí ó sì tàn dé ìgbèríko. Ọ̀pọ̀ òrùlé wọn dà sí apá mẹ́rin. Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí a ṣí ní 1894 ní Èkó wà lára iṣẹ́ ọwọ́ wọn tí ó ṣì wà nílẹ̀.

Nínú ilé tuntun yìí, ìta ni gbogbo omi ń lọ. Àgbàlá kò sí láàárín mọ́. Bí ó bá wà, ẹ̀yìnkùlé ni. Nípa báyìí, ìyípadà kan ṣoṣo nínú ohun tí a fi bo ilé yí ìdagẹ̀rẹ̀ òrùlé padà, ó yí ìbú ilé padà, ó sì yí ibi tí ẹbí ń pàdé padà.

4.3 Èrè àti òfò

Èrè páànù kò ṣeé sẹ́. Iná kì í ràn án bí ó ti ń ran koríko, kì í sì í fẹ́ àtúnṣe lọ́dọọdún. Òfò rẹ̀ náà wà. Ó ń gbóná lọ́sàn-án, ariwo òjò lórí rẹ̀ kì í jẹ́ kí á gbọ́ ọ̀rọ̀ ara wa. Ọ̀ṣọ́ọ̀rọ̀ tí ń ṣubú síta ń wa ìdí ògiri jáde, ó sì máa ń dá ìjà sílẹ̀ bí ó bá bọ́ sí ilẹ̀ aládùúgbò. Láyé akòdì, omi ẹbí ni. Láyé páànù, kò sí ẹni tí ó fẹ́ jẹ́ olówó rẹ̀.

Ti ìjì ni ó léwu jù. Atẹ́gùn tí ó bá gba orí òrùlé tí ìdagẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kéré kọjá máa ń fà á sókè ni, kì í tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Páànù sì fúyẹ́. Bí a kò bá so ẹkẹ mọ́ ògiri dáadáa, tí ìṣó etí òrùlé kò sì pọ̀ tó, ìjì ìbẹ̀rẹ̀ òjò yóò ṣí i. Òrùlé tí ó dà sí apá mẹ́rin máa ń fara dà á ju èyí tí ó dà sí apá méjì lọ, nítorí pé kò ní ògiri ẹ̀gbẹ́ gíga tí atẹ́gùn yóò kọlù ní tààrà. Nítorí náà, ọmọ tí ń kọ́ṣẹ́ káfíńtà tí kò bá ní ọ̀rọ̀ tí yóò fi ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀ kò lè gbọ́ ìkìlọ̀ yìí ní èdè rẹ̀.

Lóde òní, ọ̀pọ̀ ilé ńláńlá ni a ń mọ ògiri yí òrùlé wọn ká kí á má baà rí páànù láti ìsàlẹ̀. Ilé náà a wá dà bí ẹni pé ó tẹ́ pẹrẹsẹ lórí. Bẹ́ẹ̀ kẹ̀, òrùlé wà lẹ́yìn ògiri náà, omi sì tún ti ń dà sínú, sínú gọ́tà tóóró kan. Bí ewé bá dí gọ́tà yìí, inú yàrá ni omi yóò gbà. Àwọn baba wa tí ń da omi sínú pèsè àgbàlá àti ojú ihò fún un. Ẹni tí ó bá tún fẹ́ da omi sínú lónìí gbọ́dọ̀ ṣe irú ètò bẹ́ẹ̀.

Àwọn ilé tí ìtàn yìí wà lára wọn sì ń dín kù. Ilé Ilọ́jọ̀ ní ojúde Tinúubú l'Ékòó, tí ìdílé Fernandez kọ́ ní 1855, tí ìjọba sì kéde ní 1956 pé ó jẹ́ ohun ìrántí orílẹ̀-èdè, ni a wó lulẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án 2016. Bí ilé bá ti lọ, àpèjúwe nìkan ni yóò kù, àpèjúwe sì nílò ọ̀rọ̀.

5.0 Òrùlé Ọkọ̀

Irin tí a tẹ̀ kí ó lè lágbára kò dúró lórí ilé nìkan. Ìlànà kan náà ni a bá lórí ọkọ̀. Láti 1947 dé 1981, ilé-iṣẹ́ Citroën ní Faransé ṣe ọkọ̀ akẹ́rù kan tí ara rẹ̀ jẹ́ irin fẹ́lẹ́ onígbì bíi páànù. Ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀sì àti ọkọ̀ akẹ́rù ni a sì tẹ ìlà gbọọrọ sí lórí, kí irin orí wọn má baà máa gbọ̀n.

Yorùbá a máa sọ pé orí ọkọ̀, wọ́n a sì máa sọ pé òrùlé ọkọ̀. A ṣàkíyèsí pé orí ọkọ̀ ni a sábà máa ń lò bí a bá ń sọ nípa ẹrù: wọ́n di ẹrù sí orí ọkọ̀. Òrùlé ọkọ̀ ni a ń lò bí a bá ń sọ nípa òjò: òrùlé ọkọ̀ ń jò. Ìlò méjèèjì yìí tọ́ka sí iṣẹ́ méjì tí òrùlé ọkọ̀ ń ṣe. Ti ilé kò ní láti ru nǹkan kan ju ara rẹ̀ lọ.

Bọ̀lẹ̀kájà ni ó fi èyí hàn dáadáa. Láti òkè òkun ni ẹ́ńjìnnì àti ìdí ọkọ̀ náà ti wá, irú bíi Bedford àti Austin, ṣùgbọ́n káfíńtà wa ni ó kan ara rẹ̀. Pákó ni òrùlé rẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́ pẹrẹsẹ, kí ẹrù lè jókòó. Iwájú òrùlé náà, lókè orí awakọ̀, ni pákó kan wà tí a kọ òwe tàbí àdúrà sí, tí a fi ń dá ọkọ̀ ọ̀kan mọ̀ yàtọ̀ sí ti èkejì. Lójú tiwa, ipò tí kọ̀bì wà lójú ààfin ni pákó yìí wà lójú ọkọ̀: ibẹ̀ ni òrùlé ti ń sọ ẹni tí ó ni ín.

Mólúè yàtọ̀. Orí ìdí Mercedes-Benz 911 ni a ti kọ́ púpọ̀ nínú wọn, àwọn wẹ́dà sì máa ń tẹ irin bí ọrun, wọn a tò ó ní ẹsẹ ẹsẹ, wọn a wá fi irin pẹlẹbẹ bò ó. Òrùlé rẹ̀ rí bí ẹ̀yìn ìjàpá. Ìrísí yìí mú kí omi ṣàn sí ọ̀tún àti òsì, ó fi àyè sílẹ̀ láàárín fún àwọn tí ó dúró, ó sì mú kí irin fẹ́lẹ́ lágbára láìní òpó láàárín. Fún dáńfó Volkswagen àtijọ́, etí irin kan wà yí òrùlé ká lókè ilẹ̀kùn, tí ń gba omi òjò kí ó má dà sí èrò lórí. Etí kan náà yìí ni a máa ń de irin ìkẹ́rù mọ́. Ọgbọ́n wà nínú èyí, nítorí pé abẹ́ etí ni irin òró ọkọ̀ dúró sí. Ìwúwo ẹrù ń gba ara wọn lọ sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀ ti ń gba ìwúwo etí òrùlé.

Ní ti kẹ̀kẹ́ Márúwá, tapólì tí a nà sórí irin ni òrùlé rẹ̀. Àtíbàbà tí ń rìn ni. Bọ́ọ̀sì BRT tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ l'Ékòó ní 2008 kì í ru ẹrù lórí, nítorí náà òrùlé ni ó ní, kò ní orí ọkọ̀ ní ìtumọ̀ tí a sọ ṣáájú.

6.0 Ìlànà fún Pípe Ìrísí Òrùlé

Láti inú ohun tí a ti sọ, a dá a lábàá pé kí á fi ìbéèrè mẹ́ta ṣe àpèjúwe òrùlé.

(i) Ojú mélòó ni ó ní? Ojú ni apá kọ̀ọ̀kan tí omi ń gbà ṣàn. Èyí tí a fi ti ògiri jẹ́ òrùlé olójú kan. Èyí tí ó dà sí apá méjì jẹ́ òrùlé olójú méjì. Ti ọ̀pọ̀ ilé Àgùdà jẹ́ òrùlé olójú mẹ́rin. Ti mólúè, tí kò ní ibi tí ojú kan ti pin tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀, ni a lè pè ní òrùlé ẹlẹ́yìn-ìjàpá.

(ii) Níbo ni ó ń da omi sí? Òrùlé akòdì dà á sínú àti síta. Ilé páànù dà á síta. Ilé tí a mọ ògiri yí orí rẹ̀ ká dà á sínú.

(iii) Báwo ni ìdagẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ti tó? A lè sọ pé ó ga ṣóńṣó, ó dà gẹ̀rẹ́, tàbí ó tẹ́ pẹrẹsẹ. Níbi tí iṣẹ́ bá ti gba kí á wọ̀n ọ́n, kí á fi digirí sí i.

Ẹnì kan lè sọ pé ojú ti ní ìtumọ̀ púpọ̀ jù nínú èdè wa. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n nínú ìṣirò, igun ni a fi pe onígun mẹ́ta àti onígun mẹ́rin, kò sì ṣi ọmọ ilé-ìwé lọ́nà. Olójú méjì àti olójú mẹ́rin tẹ̀lé ìlànà kan náà. Àǹfààní rẹ̀ ni pé ẹni tí ó bá gbọ́ ọ ti mọ bí omi yóò ti ṣàn, káfíńtà sì ti mọ iye apá tí òun yóò kan páànù sí.

7.0 Àgbálọgbábọ̀

A ti gbìyànjú láti fi hàn pé àìsí orúkọ kọ̀ọ̀kan fún ìrísí òrùlé kò túmọ̀ sí àìsí ìmọ̀. Nígbà tí koríko àti ewé wà, ohun tí a fi bo ilé ti sọ ìrísí rẹ̀, kò sì sí ìdí láti dárúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Páànù tú ìdè náà. Láti ìgbà náà, òrùlé lè rí bí onílé bá ti fẹ́, ilé páànù kò sì sọ fún wa mọ́ bóyá olójú méjì ni tàbí olójú mẹ́rin, bóyá inú ni omi ń dà sí tàbí ìta. Èdè tí ó tó láyé koríko ti wá nílò àfikún. Àfikún tí a mú wá kò ti òde wá: ojú, omi àti gẹ̀rẹ́ ni. Ó kù kí á gbé e lọ bá àwọn tí ń gun òrùlé lójoojúmọ́, kí á gbọ́ ohun tí àwọn fúnra wọn ń wí lórí àjà, kí ọ̀rọ̀ náà tó wọ inú ìwé tí a óò fi kọ́ ọmọ.